Apárí Tó Di Radha

Bí ẹ bá tẹ orúkọ Kelucharan Mohapatra sórí YouTube, ẹ ó rí bàbá kan tó pá lórí, tí ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀, tó ró aṣọ mọ́ ìdí, tí kò wọ ẹ̀wù. Kò dé wíìgì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, Radha, olólùfẹ́ Krishna, ló wà níwájú yín. Ká má parọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí a wò ó, a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa gbójú sókè tí kò rí ẹni tó ń retí, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wa.

Àwọn tó ń yìn ín máa ń sọ pé ara rẹ̀ máa ń pòórá, pé obìnrin nìkan là ń rí. Àwa ò gbà. Ikùn ò lọ ibì kankan, orí náà ṣì ń dán. A rí bàbá, a rí ọmọge, a ò sì lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí mọ̀ pé kì í ṣe tuntun kí ọkùnrin jó bí obìnrin. Àmọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní igi lórí, ó ní aṣọ tó bo ara. Bàbá yìí ò ní nǹkan kan tó máa fi bojú.

Ọdún 1926 ni wọ́n bí i sí Raghurajpur, abúlé àwọn ayàwòrán ní Odisha, ní ìlà-oòrùn Íńdíà. Níbẹ̀ wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin kéékèèké, gotipua, láti múra bí obìnrin kí wọ́n sì jó. Ó ṣiṣẹ́ nínú oko ewé betel, tí wọ́n ń jẹ bí àwa ṣe ń jẹ obì; ó lùlù, ó ṣe tíátà ní Cuttack. Ibẹ̀ ni Pankaj Charan Das ti kọ́ ọ níjó. Ọmọ ilé mahari ni Das, ìyẹn àwọn obìnrin tó ń jó fún òrìṣà Jagannath ní Puri. Nígbà tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí àti àwọn ọ̀mọ̀wé wá jókòó ní ìparí àwọn ọdún 1950 láti to ijó Odissi kó lè gba ipò láàárín àwọn ijó ńláńlá ilẹ̀ Íńdíà, ìmọ̀ àwọn mahari wọlé, àwọn fúnra wọn wà lóde. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn wá.

Síbẹ̀, ta ló máa ní kì í ṣe olùkọ́? Sonal Mansingh, Kumkum Mohanty, Madhavi Mudgal, Protima Bedi tó dá Nrityagram sílẹ̀ nítòsí Bangalore ní 1990, gbogbo wọn kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń jó, òun a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, a gbé ìlù pakhawaj sí itan, a máa wo ẹsẹ̀ ọmọ.

Ìṣòro tiwa wà lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jó ijó rẹ̀ lónìí. Bó ṣe ń ṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣẹ́jú. Bó ṣe ń yọ́ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọ́n rẹwà, fàdákà kún ara wọn, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tó ń bá Radha jà lára wọn. Ọmọge ṣe ọmọge. Kí ló kù ká wò?

Sanjukta Panigrahi ò kó sínú èyí. Kékeré ló ti wà lọ́dọ̀ bàbá, nígbà tí ilé Brahmin kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn jó ní gbangba. Ó lọ kọ́ Bharatanatyam ní Kalakshetra, ó sì padà wá. Tó bá dúró ní chowk, tó ṣí eékún méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí igun mẹ́rin, tó sì fẹsẹ̀ kilẹ̀, agbára tirẹ̀ lẹ ó rí. Kò yá ìrẹ̀lẹ̀ arúgbó lò rárá. Ó kú ní 1997. Olùkọ́ rẹ̀ wà láyé di 2004.

Bí ẹ bá rí fídíò tí ọmọ yìí ti ń jó, tí bàbá wà nídìí ìlù, ẹ kọ́kọ́ fi ọmọ sílẹ̀. Ojú bàbá ni kí ẹ wò.