Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Kò Di Odindi: Ọmọlúàbí, Ọ́tísíìmù àti Èdè Ìgboro Ìbàdàn

Ìfáárà

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi." Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá tí kì í pa òwe yìí ní kíláàsì. Ohun tó ń kọ́ni ni pé ọlọ́gbọ́n kì í dúró de àlàyé kó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwọn lámèyítọ́ a máa gbóríyìn fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìjìnlẹ̀ èdè. Ṣùgbọ́n ẹni tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ dé inú rẹ̀ tó sì wà ní àbọ̀ síbẹ̀ ńkọ́? Orúkọ wo ni àwùjọ ń pè é?

Iṣẹ́ yìí gbé òwe náà àti àwọn orúkọ tí a fi ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò nípasẹ̀ ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn sọ nípa ọ́tísíìmù, pàápàá lára ẹni tó ti dàgbà kó tó mọ̀ pé òun ní in. Kókó rẹ̀ ni pé èdè ti sọ ìyàtọ̀ inú ọpọlọ di àléébù ìwà, àti pé olùkọ́ ni àtúnṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù lọ.

Bí orúkọ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà

Ní ọdún 1943 ni Leo Kanner, dókítà ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ nípa àwọn ọmọ 11 tí wọ́n yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ wọn nínú ìbáraẹnisọ̀rọ̀ àti nínú bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ohun gbogbo wà bákan náà lójoojúmọ́. Ní ọdún 1944, Hans Asperger kọ irú rẹ̀ ní Vienna nípa àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu wọn. Ọdún 1981 ni Lorna Wing, onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú iṣẹ́ Asperger wá sí etígbọ̀ọ́ àwọn tó ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáájú àkókò náà, ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀, tó kàwé, tó sì ń ṣiṣẹ́ kì í sábà bọ́ sínú òǹkà. Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ètò tuntun Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, sì tọ ọ̀nà kan náà.

Nílẹ̀ Áfíríkà, Victor Lotter gbé ìwádìí rẹ̀ lórí ọ́tísíìmù jáde ní 1978. Àwọn ọmọdé ni ó wò. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dá a mọ̀ ní kékeré, ó ti gbé gbogbo ọdún wọ̀nyí lábẹ́ orúkọ mìíràn.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ní ọjà àti ní agboolé

Ìgboro àtijọ́ ní Ìbàdàn, láti Mápó dé Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Bẹ́yẹrúnkà, jẹ́ ibi tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti gbilẹ̀. Iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ pe ọjà rẹ̀ kì í ṣe iye tó fẹ́ gbà. Ẹni tó ń nájà mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ẹni tó dìde nílé ẹni tó wí pé "mò ń bọ̀", lílọ ló ń lọ. Ẹni tó ń jẹun tó rí àlejò a ní "ẹ wá jẹun", ìdáhùn tó sì ń retí ni "á gba ibi ire".

Ká fojú inú wo ẹni tó gba ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bí a ṣe sọ wọ́n. Ó san iye àkọ́pè, wọ́n ní ọ̀dẹ̀ ni. Ó jókòó de ẹni tó ní òun ń bọ̀, wọ́n ní kò gbọ́n. Ó bu òkèlè nínú oúnjẹ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, wọ́n ní ọ̀kánjúwà ni. Bẹ́ẹ̀ kò purọ́, kò jalè, kò sì rí ẹnikẹ́ni fín. Ìdajì ọ̀rọ̀ tí a kò sọ ni kò gbọ́. Gbogbo orúkọ tó gbà ló jẹ́ orúkọ ìwà.

Ibí ni ìṣòro òwe náà wà. Ó fi òye àbọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe òṣùwọ̀n ọmọlúàbí, nígbà tó jẹ́ pé òye ọ̀rọ̀ àti ìwà rere kì í ṣe ohun kan náà. Ìwà ni kókó ọmọlúàbí. Ẹni tí kò mọ ohun tí ojú ń sọ lè jẹ́ olóòótọ́ ju ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ̀rí tí dókítà ń wá

A kì í rí ọ́tísíìmù nínú ẹ̀jẹ̀ bí ibà. Ìbéèrè àti àkíyèsí ni dókítà fi ń wá a, ó sì gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí pé ó ti wà láti kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má hàn gbangba títí ẹrù àgbà yóò fi wọni lọ́rùn. Nítorí náà, ẹni tó mọ aláìsọ̀rọ̀púpọ̀ náà lọ́mọdé ni yóò jẹ́rìí.

Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1957, kò jìnnà sí Bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n èdè tí ẹ̀rí máa gbà kọjá jìnnà díẹ̀. Bí ìyá àgbà láti agboolé bá sọ pé "olóríkunkun ni, kì í kíni", ìdájọ́ ló sọ, kì í ṣe àkíyèsí. Ohun tó rí gan-an lè jẹ́ pé ọmọ náà ń sunkún bí wọ́n bá gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ọjà, tàbí pé ó ń di etí nígbà tí ìlù bá ń dún. Orúkọ náà ti bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀.

Àṣìṣe ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn tó kọ ìwé àyẹ̀wò náà. Wọ́n ka àìwojú-ẹni sí àmì. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ọmọ tí kò tẹjú mọ́ àgbà ni a ní ó lẹ́kọ̀ọ́. Àmì tó lágbára ní Ọjà'ba lè fara sin fún ẹni tó gbára lé ìwé òkèèrè nìkan, nítorí inú ìkíni, ìnájà àti ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ló wà.

Àtakò àti ìdáhùn

Ẹnìkan lè wí pé agboolé ti gba gbogbo ènìyàn mọ́ra tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí a tún ń wá orúkọ? Òótọ́ ni pé àṣà fi ọ̀wọ̀ fún àfín, abuké àti arọ. Ẹni òrìṣà ni wọ́n, Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìyàtọ̀ tí ojú rí ni àṣà fi orúkọ ọlá yìí bò. Ìyàtọ̀ tí ojú kò rí, "dìndìnrìn" tàbí "wèrè aláṣọ" ló kàn án. Agboolé fún un ní òrùlé àti oúnjẹ, ó sì fi orúkọ bù ú jẹ lójoojúmọ́.

Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ àjèjì kò lè yé ará Mápó. Ìtàn Ìbàdàn ta ko èyí. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó ti ẹnu Adégòkè Adélabú jáde ni ará ìlú sọ di "pẹnkẹlẹmẹ́sì", ọ̀rọ̀ náà kò sì bá Adélabú kú ní 1958. Wọlé Ṣóyínká fi ṣe àkọlé ìwé ní 1994. Ẹni tó gba ìyẹn lè gba "ọ́tísíìmù". Ohun tí kò yẹ ni kí a sọ ọ́ di "àrùn", nítorí bí ọpọlọ ṣe dàgbà ni; kò ní oògùn ìwòsàn, kì í sì í ranni.

Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò ìṣègùn kì í yí àgbàlagbà padà. Ohun tó ń ṣe fún un jọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣe fún òǹkàwé tó ti ka ewì kan ní àkàtúnkà tí kò yé e: ó lè padà ka ogójì ọdún ìgbésí ayé rẹ̀, kó sì rí i pé ibi tí wọ́n kọ "aláfojúdi" sí, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé ló wà níbẹ̀.

Olùkọ́ ni ó sábà ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, nínú ìwé àbájáde ìdánwò. Kí ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí ó fi ìdájọ́ sílẹ̀. Kí ó máa pa òwe àbọ̀ ọ̀rọ̀ lọ, kí ó sì sọ odindi fún ẹni tó nílò odindi, láìfi ṣe ẹ̀sín. Sísọ ọ̀rọ̀ lódindi fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lára ìwà ọmọlúàbí pẹ̀lú.