Atalẹ̀ Pupa Lára Eku Onílàkúrègbé

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ará Íńdíà ti ń fi atalẹ̀ pupa wo oríkèé tó ń wú, ó sì ti di oògùn oníhóró lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà kí Janet Funk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Arizona tó dán an wò lára eku. Iṣẹ́ wọn jáde nínú Journal of Natural Products ní 2006.

Wọ́n fi èèpo ara kòkòrò streptococcus gún àwọn eku lábẹ́rẹ́ títí oríkèé wọn fi wú, kí ó lè jọ irú làkúrègbé tí ara ń gbógun ti oríkèé ara rẹ̀. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé wọn kò kàn bu ìyẹ̀fun. Wọ́n yọ òróró olóòórùn inú atalẹ̀ kúrò, wọ́n sì wọn èròjà curcuminoid mẹ́ta tó wà nínú èyí tó kù: ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n wá gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ti ọjà, tó ní ìdá 94. Bí a bá fi ìwọ̀n curcuminoid tí eku gbà díwọ̀n, ti ọjà ló lágbára jù.

Gbólóhùn tí àwọn olùtajà kì í kà sétí ẹnikẹ́ni nìyí: onídàá 41 yẹn gba àwọn eku tó ti ń lò ó kí oríkèé tó wú; lẹ́yìn tí ó ti wú, kò ṣe nǹkan kan. Ta ló ń wá oògùn làkúrègbé nígbà tí orúnkún kò tíì dùn ún? Àwọn òǹkọ̀wé kò fi èyí pamọ́, mo gbóríyìn fún wọn.

Ibi tí n kò ti bá wọn lọ tán ni ìfura wọn pé àwọn èròjà yòókù ló ń dí curcuminoid lọ́wọ́. Oríṣi méjì tí kì í ṣe ọwọ́ kan náà ló pò wọ́n kò tó ẹ̀rí. Wọn kò sì dárúkọ adínilọ́wọ́ náà.

Ní 2010, wọ́n padà sórí òróró tí wọ́n yọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gún un sínú ikùn eku, ó dín wíwú kù ní ìdá 90 sí 100, ṣùgbọ́n àwọn eku ṣàìsàn, òmíràn kú. Nígbà tí wọ́n fún wọn lẹ́nu, ní ìlọ́po 20 ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí ara wọn lè gbà lábẹ́rẹ́, kò pa wọ́n lára. Ìdá 20 péré ni wíwú náà fi dín kù. Ẹnu sì ni gbogbo wa ń gbà lo atalẹ̀.