Ijó Tí A Fi Ń Sìn àti Ijó Tí A Fi Ń Ṣeré

Àwọn àgbà wa a máa wí pé alágẹmọ ti bí ọmọ tirẹ̀ tán, àìmọ̀jó ni ó kù sí ọwọ́ ọmọ alágẹmọ. Òwe yìí kò ka ijó sí ohun ìgbafẹ́ lásán. Ogún ni ó pè é, ogún tí a ó sì bi ọmọ léèrè. Nítorí náà, ọ̀ràn tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín kì í ṣe ọ̀ràn kékeré fún àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́: bí a bá mú ijó tí a fi ń sìn kúrò ní ojúbọ, tí a sì gbé e lọ sí orí ìtàgé, kí ni ó dà? Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan a máa fi ìko wọ àwọn ọmọdé ní ìparí ọdún, wọn a ní kí wọn jó bí eégún, àwọn òbí a sì máa rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń ṣe kí a tó máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ijó náà ní ilé rẹ̀. Ní oṣù Keje, tí àwọn baba wa ń pè ní oṣù Agẹmọ, àwọn olórí Agẹmọ 16 a máa gbéra láti ìlú wọn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Tàmí ti Òdógbolú ni ó ṣíwájú wọn. Wọn a péjọ sí Ìmosàn, níbẹ̀ ni olúkúlùkù wọn a sì ti jó. Bí wọ́n bá ń kọjá ní ojú ọ̀nà, obìnrin kò gbọdọ̀ fi ojú kàn wọ́n. Àwa tí a jẹ́ Onígbàgbọ́ kò bá wọn sin ohun tí wọ́n ń sìn. Síbẹ̀ a lè rí i pé ijó wọn ní ìgbà, ó ní ìmúrasílẹ̀, ó sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá dúró. Kì í ṣe àwọn òǹwòran ni alágẹmọ kọjú sí. Ó jó nítorí pé ijó náà di dandan, ìbá à ṣe pé a wò ó tàbí a kò wò ó.

Irú ọ̀ràn yìí ti bá àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú. Ní gúúsù Íńdíà, àwọn obìnrin kan wà tí a ń yà sọ́tọ̀ fún tẹ́ḿpìlì àwọn Híńdù. Iṣẹ́ wọn ni láti jó níwájú òrìṣà. Devadasi ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní ọdún 1947, ìjọba Madras fi òfin de yíya obìnrin sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òfin náà tó dé, Rukmini Devi Arundale ti dá ilé-ẹ̀kọ́ Kalakshetra sílẹ̀ ní ọdún 1936, ó sì ti gbé ijó náà, tí a mọ̀ sí Bharatanatyam, lọ sí orí ìtàgé. Èrè wà níbẹ̀, nítorí ijó náà kò kú. Àdánù sì wà, nítorí àwọn ìdílé tí ó ni ijó náà láti ìran dé ìran rí i pé ó bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọmọ Rẹ́mọ kan ti gbé ọ̀ràn yìí sínú eré. Wọlé Ṣóyínká, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà àti ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ St Peter's ní Aké, Abẹ́òkúta, ni ó kọ The Road, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1965. Òun náà ni ó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwé kíkọ ní ọdún 1986.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni olórí eré náà. Ó ti jẹ́ òǹkàwé nínú ìjọ àti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi rí, kí ó tó fi ẹ̀gàn kúrò níbẹ̀. Ó ní ìsọ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn awakọ̀ àti àwọn ọmọọ̀ta ń péjọ sí. Ó ń wá Ọ̀rọ̀ kiri: nínú àjákù ìwé ìròyìn, àti ní ibi tí ọkọ̀ gbé dànù. Murano ni ó ń dá ẹmu fún un. Ní ọjọ́ ọdún Ògún àwọn awakọ̀, Murano wà nínú agọ̀, ó ń jó, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù gbá a. Kò kú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà á sí ọ̀dọ̀, nítorí ó rò pé ẹni tí a dá dúró ní àárín ijó, láàrin ayé àti ọ̀run, yóò mọ Ọ̀rọ̀ náà. Ní ìkẹyìn ó ní kí a lu ìlù, kí eégún jó nínú ìsọ̀ ẹmu. Ẹ̀rù ba àwọn tí ó wà níbẹ̀, ìjà dé, a sì gún Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ̀bẹ. Eégún ń yí, ó ń rẹlẹ̀, títí ó fi ku aṣọ nìkan ní ilẹ̀.

Iyì eré yìí ni pé òǹkọ̀wé kò fi ijó ṣe ọ̀ṣọ́. Ijó tí a dá dúró ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn, ijó tí a parí ni ó parí rẹ̀. Bí a bá yọ ijó kúrò, kò sí eré mọ́. Ó sì mọ ohun tí ó ń sọ: Alágẹmọ ni ó pe ewì tí ó fi síwájú ìwé náà.

Ṣùgbọ́n a ní ẹ̀sùn kan. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó fi ijó sìn nínú eré náà ni Murano, odi sì ni. Ẹni tí ó ń sìn kò ní ohùn. Àwọn tí ó ní ohùn kò sìn. Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ìwé yìí yóò mọ ẹ̀rù tí ó wà nínú irú ìsìn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ ayọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ọdún jẹ́ ọjọ́ ayọ̀ ìlú pẹ̀lú.

Bíbélì wa fi méjèèjì sí ojú kan. Nínú orí kẹfà ìwé Sámúẹ́lì kejì, Ússà na ọwọ́ sí àpótí ẹ̀rí, ó sì kú. Nínú orí kan náà ni Dáfídì gbé jó pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ níwájú Olúwa, tí Míkálì sì kẹ́gàn rẹ̀ láti ojú fèrèsé. The Road fi Ússà hàn wá dáadáa. Dáfídì ni kò sí níbẹ̀. Ní Rẹ́mọ kan náà, ní Ògèrè, ni Josiah Ositelu ti dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní ọdún 1930, níbi tí ìlù, àtẹ́wọ́ àti ijó ti di ara ìsìn. Ìjọ yìí ni Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọ́sà, ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ní Èkó ní ọdún 1944, lórí ọgbà Édẹ́nì. Ọ̀nà láti inú ìsìn dé orí ìtàgé kò dí, bí ẹni tí ó ń rìn ín bá gba ohun tí ó ń gbé lọ gbọ́.

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn olùkọ́ nìyí. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ijó ilẹ̀ wọn; ẹ kọ́ wọn ní ìlù àti ìṣísẹ̀, kí òwe alágẹmọ má bàa bá wa wí. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó wà ní kíláàsì òkè ka The Road, kí wọn sì jiyàn lé e. Ṣùgbọ́n agọ̀ tí àwọn kan fi ń sìn, ẹ má ṣe fi wọ ọmọdé fún ẹ̀rín. Kì í ṣe nítorí pé a ń bẹ̀rù òrìṣà. Ọmọ tí a bá kọ́ láti fi ìsìn aládùúgbò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ti kọ́ pé eré ni ìsìn. Bí ó bá di ọjọ́ ìsinmi, tí ó sì dúró láàrin wa nínú ìjọ, ẹ̀kọ́ náà ni yóò bá a wọlé.