Abẹ Àwọn Onígbàjámọ̀ Mẹ́kà

Ẹni tó rin àárín òkè Sọfá àti Mọ́rúwà ní ìgbà méje tán kò tíì parí ìjọsìn Ùmúrà rẹ̀. Irun orí ṣì kù láti fá tàbí láti gẹ̀. Ìtòsí Mọ́rúwà àti àwọn àdúgbò tó yí Mọ́sálásí Hàráàmù ká, Shubaikah náà pẹ̀lú, ni yóò ti wá onígbàjámọ̀.

Ọmọ Pakísítánì, Bangladéṣì àti Íńdíà pọ̀ nínú àwọn onígbàjámọ̀ náà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Jókòó, tẹríba, wọ́n ti fi omi rẹ irun, abẹ ti gba àtàrí dé ìpàkọ́, ó ti yí etí ká, ó ti tán. Apárí náà ń jókòó o! Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ní kí abẹ ṣáà gba orí rẹ̀ kọjá. Àwọn Àlàájà ní tiwọn kì í fárí, ìwọ̀n orí ìka kan ni wọ́n ń gé. Ọkùnrin lè gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ lásán, ṣùgbọ́n ẹni tó fárí ni Ànábì ṣàdúrà fún léraléra kó tó kan ẹni tó gẹ̀ ẹ́.

Lójú tèmi, iṣẹ́ ọnà ni. Irun oríṣiríṣi ẹ̀yà ayé ń kọjá lábẹ́ ọwọ́ kan náà, ọwọ́ náà kì í gbọ̀n.

Àmọ́ abẹ àlòtúnlò lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ B àti C láti orí ẹnì kan sí òmíràn. Ẹ̀yin tó ń lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú abẹ tuntun lójú yín kí ẹ tó tẹríba.