Ẹjọ́ Kì í Ṣe Ẹ̀bi

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí kóòtù fi ń ṣiṣẹ́ lédè Yorùbá, ẹjọ́ ni ó ru ẹrù jù. À ń rò ó, à ń dá a, à ń pe ènìyàn lẹ́jọ́. Ọmọdé a sì fi ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sun ìyá wọn. Títí dé ibẹ̀, ẹjọ́ kò ju ọ̀ràn tí a gbé síwájú ẹni tí yóò gbọ́ ọ lọ. Ṣùgbọ́n bí àwo bá fọ́ nínú ilé, tí a wí pé, “Ẹjọ́ Àjàyí ni,” a ti dá Àjàyí lẹ́bi nìyẹn, kò tilẹ̀ tí ì la ẹnu.

Ìtumọ̀ kejì yìí ni ó ń ba ìròyìn wa jẹ́. A fi ẹ̀sùn olè kan ọkùnrin kan lánàá, akọ̀ròyìn kọ ọ́ pé “ọ̀daràn náà fojú ba ilé ẹjọ́.” Ta ni ó sọ ọ́ di ọ̀daràn? Abala 36 Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí aláìṣẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Àwọn baba wa náà mọ èyí, àwọn tí wọ́n pe a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́ ní àgbà òṣìkà. Olùjẹ́jọ́ wà lédè wa, afurasí sì wà fún ẹni tí kò tí ì dé kóòtù. Èmi kò rí àwáwí fún ẹni tí ó fò wọ́n dá, pàápàá nígbà tí à ń fi ìwé ìròyìn kọ́ ọmọ ní àròkọ.

Ẹni tí ó sọ ilé ẹjọ́ kan ní Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbọ́ Yorùbá jù wọ́n lọ: ohun tí olùpẹjọ́ wí nìkan ni orúkọ náà sọ, kò sọ bóyá ó jàre.