Ẹ̀rọ Tó Jí Ṣáájú Díráìfù Rẹ̀

Ìró kan wà tí kì í sú mi: ìró háàdì díráìfù àtijọ́ nígbà tó bá ń jí. Á kọ́kọ́ rọra fọn, ohùn rẹ̀ á máa ròkè, á wá dún kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Etí ni mo fi ń ṣe ìdajì iṣẹ́ mi.

Amiga 1200 ni mo máa ń tún ṣe jù, kọ̀ǹpútà ilé tí Commodore gbé jáde lọ́dún 1992, ọdún méjì péré kí gbèsè tó gbé ilé-iṣẹ́ náà lulẹ̀. Níbí ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣì wà ní àjà ọ̀pọ̀ ilé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ni wọ́n tà láìní háàdì díráìfù, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ wà lábẹ́ kííbọ́ọ̀dù. Èèyàn á ra díráìfù kékeré, á so kébù mọ́ ọn, á tan iná, kìkì àwòrán dísíìkì tó ń wọnú ẹ̀rọ lọ ni yóò sì rí. Kọ̀ǹpútà ń sọ pé òun ò rí nǹkan kan nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n kan gbé tirẹ̀ wá pẹ̀lú díráìfù mẹ́ta. Ó ní gbogbo wọn ti kú. Mo gbétí lé èyí tó wà nínú ẹ̀rọ: ó ń yí dáadáa. Mo tẹ Ctrl àti bọ́tìnnì Amiga méjèèjì pọ̀. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n iná kò kúrò lára díráìfù, kò sì dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rí i.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ra òmíràn mọ́. Kọ̀ǹpútà yín ló ń tètè jí ju díráìfù lọ."

Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Díráìfù nílò ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó sáré tó bó ṣe yẹ. Kọ̀ǹpútà ti wò ó, ó sì ti kọjá.

Kébù náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Píìnì 44 ló ní, iná díráìfù sì ń gba ara rẹ̀ kọjá: fóltì 5 wà lórí píìnì 41 àti 42. Bí ó bá yẹ̀ ní píìnì kan ṣoṣo, iná lè wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí n rí i pé etí pupa kọjú sí píìnì kìíní.

Àìsàn tí mo bẹ̀rù jù ni èyí tí kì í fara hàn lọ́jọ́ kìíní. Kickstart 3.0, ètò inú ẹ̀rọ náà tó ń jí i, kò lè ka ibi tó kọjá gígábáìtì 4 lórí díráìfù. Bí ìṣirò rẹ̀ bá kún, òdo ló ń padà sí, ohun tó yẹ kó kọ sí ìparí díráìfù á sì bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe pín díráìfù náà wà. Oṣù mélòó kan lè kọjá kí ọjọ́ náà tó pé. Ọ̀kan tún wà: fáìlì kéékèèké á pé, àwọn ńlá á dàrú. Mo máa ń ṣí HDToolBox, ètò tí a fi ń ṣètò díráìfù, kí n kọ 0x1FE00 sí MaxTransfer, ìyẹn iye tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Ègé 255 nìyẹn, báìtì 512 lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn díráìfù kan máa ń ṣi ìṣirò bí a bá béèrè 256 lẹ́ẹ̀kan. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, kò sí nọ́ńbà tí mo fẹ́ràn tó o: ègé kan ṣoṣo la yọ, àwòrán àti orin tó ń bàjẹ́ sì pé pérépéré.

Bí Amiga bá wà ní àjà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tan iná sí i. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ti lè máa jò, omi rẹ̀ a sì máa jẹ wáyà bọ́ọ̀dù. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọṣẹ́ kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.