Láti Olúmọ dé Ìtòkú

Àlejò tó bá dé Abẹ́òkúta, àpáta Olúmọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú un lọ. Kò burú. Èmi náà fẹsẹ̀ gùn ún. Mo wo ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ibi ìsádi lẹ́yìn tí Ṣódẹkẹ́, aṣíwájú wọn, kó wọn débẹ̀ ní 1830, mo sì wo òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ jàǹrẹrẹ nísàlẹ̀. Nígbà tó yá, mo sọ̀kalẹ̀ wá sí Ìtòkú, ọjà àwọn aládìrẹ. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú mi sí.

Ní àgbàlá kan lẹ́yìn ìsọ̀, mo bá ìyá àgbà kan tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, àwo ẹ̀kọ láfún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ adìẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí rúlà, kò sí pẹ́ńsùlù. Ó ti ṣẹ́ aṣọ náà po kó lè ní ojú-ilé, ìyẹn nìkan ló ń tẹ̀ lé. Ó ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, ó fà á, ó sì gbé e sókè kí ìlà tó tín-ínrín. Ibi tí ẹ̀kọ bá ti fẹ́lẹ́ jù, aró á wọlé; ibi tó bá ti ki jù, á sán bó bá gbẹ. Ohun tó ń fọwọ́ kàn ni yóò yọ jáde; ohun tó fò ni aró yóò mu.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí ìlà máa dé?”

“Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Bí mo bá ń rò ó, á wọ́.”

Àwòrán tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ló ń kọ: òpó gbọ̀ngàn Mápó tó wà ní Ìbàdàn, ṣíbí láàárín wọn. Ọmọ Ẹ̀gbá ń sọ pé Ìbàdàn dùn! Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ìyẹ́ ò sì gbọ̀n.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń rẹ aṣọ mìíràn. Bó ṣe jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló ní. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó di búlúù lójú wa. Wọ́n tún rì í padà. Kẹ́míkà ló pọ̀ nínú ìkòkò aró báyìí, kì í ṣe èlú. Kò dùn mọ́ mi, àmọ́ èlú ń jẹ ọjọ́ púpọ̀, mi ò sì ní bá aláró jà.

Mo san àsansílẹ̀ ìró kan. Bí ẹ̀yin náà bá dé Ìtòkú, ẹ má tíì béèrè iye. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹ yí i padà ná. Ti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á dà bí èyí tó ti ṣá. Ti ẹlẹ́kọ, ẹ̀yìn ló máa ń dúdú jù, torí ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí.